Ẹnu Mi Ni Ó Fi Dáhùn

Gertrude ni wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n Ìyá Lucy ni gbogbo wa ń pè é, torí Lucy nìkan lọmọ tó bí. Ẹ̀gùn ni. Orí omi ní Mákòókò ló ń gbé, nínú ilé pákó tí òpó gbé dúró, ibẹ̀ náà ló sì ti ń yan ẹja lórí ààrò mẹ́ta tí wọ́n fi dúróòmù ṣe, lábẹ́ páànù tí èéfín ti sọ di dúdú. Èmi ni Abọ́sẹ̀dé, Ìyá Moyọ̀. Mo ń ta ẹja gbígbẹ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Fún ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹja Ìyá Lucy nìkan ni mò ń tà, n kò ra ti ẹlòmíì. Mo fẹ́ sọ irú ènìyàn tó jẹ́, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo ṣe fún un, torí àwọn tó wá kí mi kú ọ̀fọ̀ ń sọ pé mo gbìyànjú, ọ̀rọ̀ náà sì ń bí mi nínú.

Kò ga, kò sanra. Ojú rẹ̀ kì í yéé pọ́n, irun ìpéǹpéjú rẹ̀ sì ti jóná tán. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ló ti máa ń fọ ẹja, tí yóò ká ìrù àrọ̀ sí i lẹ́nu kó má baà tú lórí iná. Kò ní aago. Òórùn ló fi ń mọ ìgbà tí ẹja jinná, tí igi tí wọ́n kó wá láti sọ́ọ̀mìlì bá sì tutù, á ti mọ̀ kó tó dáná sí i. Ẹja rẹ̀ lè lo oṣù kan lórí àtẹ mi láìsí ìdin nínú rẹ̀. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọwọ́ mi rọ̀ jù, pé bí wọ́n bá fi mí sídìí ààrò fún ọjọ́ kan péré, màá sunkún lọ bá ọkọ mi. Òótọ́ ló sọ. N kì í lè dúró síbẹ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Àwa tí à ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn Ẹ̀gùn ní àṣà kan tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ wa, a kàn bá a nílẹ̀ ni. Olúkúlùkù ló ní ẹni tó ń yan ẹja fún un, bí ẹni náà bá sì jáde sí ìgboro, ẹni tó ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé wọn ò gbọ́ Yorùbá. Ìyá Lucy gbọ́ Yorùbá, àwàdà ló fi ń bá mi ṣe. Ṣùgbọ́n tó bá ti la ẹnu ní ìgboro, tí wọ́n gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń lọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pé ọmọ ibo ni, wọ́n á sọ ọ́ di àlejò níbi tó ti lo ìdajì ayé rẹ̀, àwọn mìíràn á ní kó lọ sẹ́yìn ìlà. Nítorí náà, èmi ni mo ń sọ̀rọ̀. Mo bá a sọ̀rọ̀ ní báńkì. Mo bá a sọ̀rọ̀ nílé ìwé Lucy. Mo bá a sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú sínú omi tí wọn ò fẹ́ gbé òkú fún un. Yóò dúró lẹ́yìn mi, yóò di ọwọ́ méjèèjì mú, kò ní sọ nǹkan kan. N kò ní purọ́, mo gbádùn rẹ̀. Ó dùn mọ́ mi kí ẹlòmíràn máa fi ẹnu mi ṣe ẹnu rẹ̀.

Àsìmá ti ń bá a jà kó tó mọ̀ mí. Ikọ́ fée ni àwọn àgbà ń pè é. Bí èéfín bá pọ̀, àyà rẹ̀ á há, èémí á máa súfèé lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, yóò jókòó, yóò gbé ọwọ́ lé orúnkún, yóò máa wá afẹ́fẹ́. Àwọn dókítà kan tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi wá ṣe ìtọ́jú ọ̀fẹ́ lọ́dún kan ló fún un ní ínélà, ike búlúù tí wọ́n ń fín sí ẹnu. Láti ìgbà náà, ilé oògùn kan ló ti ń rà á. Ó máa ń dì í mọ́ etí ìró rẹ̀, tó bá sì fẹ́ fín in, á kọ ẹ̀yìn sí wa, á kọjú sí ọ̀sà, bí ẹni tó ń wo ọkọ̀ tó ń bọ̀.

Ìdí tó fi ń fi í pamọ́ kò jìnnà. Obìnrin kan wà ní ojúlé kẹta sí tirẹ̀ tó máa ń wúkọ́ nídìí ààrò. Ẹnìkan tó wá ra ẹja ló lọ sọ ní ọjà pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí kò fi sí ẹni tó ń ra ẹja lọ́wọ́ obìnrin náà mọ́. Ó yan ẹja, ẹja bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó tú ààrò rẹ̀ ká, ó padà sí Àgbádárìgì. Ikọ́ ẹ̀gbẹ kọ́ o, èéfín ni. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́? Ọjọ́ tó lọ ni èmi àti Ìyá Lucy jọ fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni ní ìgboro ò gbọ́dọ̀ gbọ́ pé òun náà ń wúkọ́. Èmi ni mo dá a lábàá. Mo ní bí wọ́n bá gbọ́, àtòun àtèmi la dáràn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, bí oníbàárà kankan bá bá mi dé Mákòókò, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ wọlé láti wò ó bóyá àyà rẹ̀ kò há.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni n kò lè bá a fi pamọ́, torí mo bẹ̀rù rẹ̀ ju ikú fúnra rẹ̀ lọ. Ọmọ́níkẹ́, àbúrò mi obìnrin, ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé e ṣubú ní balùwẹ̀ ní Àgùdà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ kú. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi ń fi ṣíbí fún un lóúnjẹ, kò lè pe orúkọ ara rẹ̀ mọ́ kó tó lọ. Nítorí náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí, nígbà tí Ìyá Lucy sọ fún mi pé orí ń fọ́ òun láràárọ̀, pé ojú òun ń ṣe bàìbàì, mo ti mọ ohun tó jẹ́. Mo ní kó múra, a ń lọ rí dókítà lónìí. Ó ní kí n jẹ́ kí òun parí ẹja tó wà lórí iná. Mo bínú, mo ní ṣé ẹja ló máa sin ín dé ibojì ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má fi ohùn mi lé ẹja sómi, ó lọ wẹ̀.

Ilé ìwòsàn kékeré kan lápá Yaba ni mo mú un lọ. Yàrá dókítà ò ní ilẹ̀kùn, aṣọ ni wọ́n ta sí i, bẹ́ńṣì tí àwọn ènìyàn ń jókòó sí ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ sí tábìlì rẹ̀. Ta ni mo bá lórí bẹ́ńṣì náà? Ìyá Ṣìmí, obìnrin tó ní ilé oúnjẹ méjì ní Surulere, tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń kó ìdajì ẹja tí mò ń tà. Ó kí wa tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ó wo Ìyá Lucy láti òkè délẹ̀, ó ní, àṣé ẹni tó ń yan ẹja wa nìyí. Ó sún fún wa, a jókòó tì í, ó sì ń bi wá léèrè oríṣiríṣi títí wọ́n fi pè wá.

Dókítà náà kò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, Adéníran ni wọ́n kọ sí àyà aṣọ rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, n kò lè dá a lẹ́bi. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ náà, ó tún un wọ̀n, ó mi orí. Ó ní ó ga púpọ̀. Ó béèrè ìgbà tí orí fífọ́ bẹ̀rẹ̀, mo dáhùn. Ó béèrè ohun tó ń jẹ, mo dáhùn. Ó béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, mo ní ó ń ta ẹja. N kò ní ó ń yan án, kó má baà ní kó kúrò nídìí iná. Nígbà náà ló gbé bírò rẹ̀ dúró, ó kọjú sí Ìyá Lucy gan-an.

"Mà, ṣé ẹ ní àsìmá? Ṣé àyà máa ń há yín, àbí ikọ́ kan wà tí kì í lọ?"

Mo gbọ́ tí bẹ́ńṣì dún lẹ́yìn aṣọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Ìyá Ṣìmí ń bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ dáwọ́ dúró. Ó lè jẹ́ pé ó kàn ń mí ni o, ṣùgbọ́n mo rí gbogbo Surulere lójú ọkàn mi, mo rí wọn tí wọ́n ń ju ẹja Ìyá Lucy sí ààtàn.

"Rárá o," ni mo wí, mo sì jẹ́ kí ohùn mi lọ sókè. "Kò ní ikọ́ kankan."

Dókítà ṣì ń wò ó. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu màmá fúnra wọn. Ìyá Lucy wojú mi. Mo fi ẹsẹ̀ mi tẹ tirẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Bó ṣe sọ ọ́ náà ni, sà," ló wí.

Dókítà kọ oògùn. Ó ní ẹyọ kan láràárọ̀, kó má fò ó. Nígbà tí a jáde, Ìyá Ṣìmí ló wọlé tẹ̀lé wa. A dúró ní ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn, a rí i tó jáde, a rí i tó lọ. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí bẹ́ńṣì mọ́. Mo lè padà wọlé. Ìṣísẹ̀ mélòó kan péré ni, ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ra bọ̀ọ̀lì fún un lójú ọ̀nà, mo ń kọ́ ọ bí yóò ṣe máa lo oògùn.

Lọ́jọ́ kẹta ó pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ ń já. Ó ní àyà òun ń há ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pé òun ti fín ínélà lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárọ̀ yẹn, kò sì ṣiṣẹ́ bó ṣe máa ń ṣiṣẹ́. Ó béèrè pé ṣé kì í ṣe oògùn tuntun náà ni. Mo ní igi tútù ni. Ó ní igi gbígbẹ lòun fi dáná. Mo ní tí òjò bá ti ṣú, bẹ́ẹ̀ ni àyà ènìyàn máa ń ṣe. Èmi, dókítà ayé! Mo wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn Ọmọ́níkẹ́, bí itọ́ ṣe ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, bí mo ṣe ń pààrọ̀ aṣọ lábẹ́ rẹ̀. Mo ní ẹni tó bá fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ṣeré, rọpárọsẹ̀ ló ń ránṣẹ́ pè. Mo ní kó máa lò ó.

Ó ní òun ti gbọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tún pè é láti mọ̀ bóyá ó lò ó. Ó ti lò ó.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà, ni Lucy pè mí. Ọmọ ogún ọdún ni, ọmọ tí kì í pariwo, ṣùgbọ́n igbe ló ń ké. Mo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ láìtì í, mo bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Nígbà tí mo dé etí omi, ọkọ̀ ni wọ́n fi ń gbé e bọ̀. Mo rí wọn láti òkèèrè. Lucy jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó gbé e lé àyà, ọkùnrin kan ń tukọ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ẹnu Ìyá Lucy là sílẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde, èjìká rẹ̀ méjèèjì gòkè dé etí. Atẹ́gùn ń fẹ́ gèlè mi lọ lórí, afẹ́fẹ́ kún orí ọ̀sà, kò sì rí èyí tó máa wọ inú rẹ̀. Ó rí mi. Ó na ọwọ́. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Títí di òní n kò mọ ohun tó fẹ́ sọ.

Ilé ìwòsàn tó súnmọ́ etí omi la gbé e lọ. Obìnrin àgbàlagbà kan ni dókítà tó gbà á. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Dókítà ní kí la fún un lò. Lucy tú ìró ìyá rẹ̀, ó gbé ínélà sórí tábìlì, ó gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì í. Dókítà kó méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́ kan, ó wò wọ́n.

"Ta ló ní kí ẹni tó ní àsìmá máa lo èyí?"

Kò dúró gba èsì, ó ti yí padà sídìí ibùsùn. N kò sì dáhùn. Ìgbà tí ọ̀ràn kàn mí gan-an, tí wọ́n ń bi èmi fúnra mi, ẹnu mi kú.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Ìyá Lucy ti lọ. Dókítà náà fi sùúrù ṣàlàyé fún wa lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní oríṣiríṣi ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pé èyí tó ń lò yẹn máa ń fún ọ̀nà èémí ẹni tó ní àsìmá pa, kò sì ní jẹ́ kí ínélà ríbi ṣiṣẹ́. Ó ní àwọn mìíràn wà tí kì bá pa á lára, wọ́n wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù gbogbo ilé ìwòsàn, ká ní ẹni tó kọ ọ́ mọ̀. Ó ní ó yẹ kí wọ́n bi í léèrè. Mo gbọ́ tí Lucy ń sọ pé bóyá wọ́n gbàgbé láti béèrè. Mo jẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan? Mo jẹ́ kí ọmọ òkú ka ẹ̀ṣẹ̀ mi sí ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn.

Wọ́n sin ín. Àwọn ènìyàn ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ń ní àmúwá Ọlọ́run ni. Wọ́n ní àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Mo fẹ́ lé wọn jáde. Àrùn wo la wò? Méjì ló ń ṣe é, mo gbé ọ̀kan lọ sílé ìwòsàn, mo fi èkejì pamọ́ sábẹ́ ahọ́n mi. Ìyá Ṣìmí náà wá. Ó jókòó, ó sunkún díẹ̀, ó béèrè ohun tó pa á, mo sì sọ ọ́ fún un, torí kò sí ohun tí mò ń dáàbò bò mọ́. Ó ní, "Àsìmá lásán? Ṣìmí ọmọ mi ní in, látìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta." Bóyá ohun tí ì bá sọ lọ́jọ́ yẹn lórí bẹ́ńṣì nìyẹn. Bóyá kọ́. Ẹnu ẹni tó wá kí òkú kì í sábà jọ ẹnu rẹ̀ lójú ọjà. N kò ní lè mọ̀, torí n kò jẹ́ kó gbọ́.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìsìnkú, Lucy wá. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ kan lórí, ẹja tí ìyá rẹ̀ yan kẹ́yìn. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó jókòó sórí àpótí. Ó ti rù. Ó ní òun ti dáná sí ààrò kan, pé òun á máa yan díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ohun tí mo ti mọ̀ pé yóò bi mí. Ó ní nígbà tí mo mú ìyá òun lọ, ṣé dókítà ò béèrè ọ̀rọ̀ àsìmá rárá ni?

Mo sọ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ti Ìyá Ṣìmí lórí bẹ́ńṣì, ti ohùn mi tí mo gbé sókè, ti ẹsẹ̀ tí mo fi tẹ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Mo rò pé yóò ké mọ́ mi. Mo ń fẹ́ kó ké mọ́ mi. Ó ń fi ìka gbá eruku orí àpótí, nígbà tó sì máa sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́.

"Lọ́jọ́ karùn-ún, mo fẹ́ da oògùn yẹn sómi, Mà. Mo ti mú un lọ́wọ́. Mummy gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ bá dókítà sọ̀rọ̀, ẹ sì mọ̀ pé àwọn ní àsìmá. Wọ́n ní tó bá jẹ́ oògùn tó lè pa àwọn ni, ẹ ò ní ní káwọn máa lò ó."

Lucy da ẹja náà sórí àtẹ mi, ó tò ó bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń tò ó. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ òfìfo. Kó tó lọ, ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo sọ òtítọ́ fún òun.